Omi Dé Lóru

Aago méjì òru. Ẹ̀rọ omi kọ́kọ́ wúkọ́,
ó tu ìpẹtà díẹ̀, ó dákẹ́,
ó tún wúkọ́ bí bàbá arúgbó tó fẹ́ sọ̀rọ̀.
Mo ti dìde kó tó sọ ọ́.
Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni Òkèlélé ò ti fojú kan omi;
èmi ń sùn, etí mi kì í sùn mọ́.

Kẹ́ẹ̀gì mẹ́fà, básíà méjì,
ìkòkò ńlá tí ìyá ọkọ mi fọwọ́ ara rẹ̀ mọ
lọ́dún tí mo bí Súléhà,
àti póò Láwàlí. Mo ti fọ̀ ọ́, ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀,
omi lomi ń jẹ́.

Mo pọn Láwàlí, torí bí mo bá gbé e sílẹ̀
igbe rẹ̀ á jí lèmámù kí àsìkò ìrun tó tó.
Itọ́ rẹ̀ ti rin mí léjìká.
Mo tẹ̀ ba, mo gbé, mo dà, mo tún tẹ̀ ba,
òun náà ń bá mi rúkúù lójú oorun.

Súléhà jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń fahọ́n ti eyín kan.
"Màámi, ó ti ń mì."
Mo ní kó lọ sùn.
Ó ní eyín ò jẹ́ kóun sùn.
Mo ní ó dáa, wá di kẹ́ẹ̀gì yìí mú.
Ọmọ ọdún mẹ́fà, ó dì í mú
bí ẹni di àgbò iléyá mú,
kò jù ú sílẹ̀ títí omi fi bò ó lẹ́sẹ̀.

Bàbá wọn wà ní Bàsítà, ó ń wa katakata.
Alẹ́ Jímọ̀ ló máa ń pè:
"Àwọn ọmọ ńkọ́?"
Màá ní wọ́n wà dáadáa.
Kí ni kí n sọ? Pé Kàsímù fi wàláà pa alángbá?
Pé ó fi amọ̀ ìyá rẹ mọ adìyẹ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin,
ó ní méjì fún ìrìn,
méjì fún sísá lọ́jọ́ tí a bá mú ọ̀bẹ;
pé ìyá rẹ bá a sun ún mọ́ àwọn ìkòkò rẹ̀,
adìyẹ fọ́,
ọmọ sì sunkún bí ẹni tí màlúù rẹ̀ kú?
Káàdì igba náírà ò lè gbe irú ẹ̀.

Aago mẹ́ta kọjá. Omi tín-ín-rín bí òwú.
Ìyá Àfúsá bi mí láti ẹ̀yìn ògiri:
"Ó ṣì ń bọ̀?"
"Ó ṣì ń bọ̀."
A ò sọ nǹkan mìíràn. Ó tó bẹ́ẹ̀,
pé ẹlòmíràn náà ò sùn.

Ìgbà yẹn ni Súléhà kígbe. Mo rò pé àkekèé ni.
Ó la ọwọ́: eyín náà rèé,
kò ju hóró ìrẹsì lọ, ẹ̀jẹ̀ ń bẹ nídìí rẹ̀.
"Kí alángbá má rí i o!"
Mo ní àwọn alángbá ti sùn.
Ó ní, "Ẹ ò lè mọ̀. Ẹ̀yin náà ò sùn."

Ó ṣa òkúta mẹ́fà, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì,
ó jù ú pẹ̀lú eyín sórí páánù.
Ilé dún gbàràgàdà.
Láwàlí bú sẹ́kún lẹ́yìn mi,
ewúrẹ́ Ìyá Àfúsá gbè é,
Kàsímù ń bèèrè nínú ilé bóyá ilẹ̀ ti mọ́.

Omi sì dá. Báyẹn, kò dágbére.
Mo kà: kẹ́ẹ̀gì márùn-ún àbọ̀.

Mo bu ife kan fún Súléhà kó fi yọ ẹnu.
Ó yọ ọ́, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú,
ó wò mí,
ó gbé gbogbo rẹ̀ mì, tẹ̀jẹ̀-tẹ̀jẹ̀.
"Màámi, a kì í tu omi dànù."

Mo tún ọ̀já mi so.